Ìdí tó fi máa ń pẹ́ kí akọni fíìmù ìjà méjì tó kojú ara wọn

Àbúrò mi fi pósítà kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan. Akọni fíìmù ìjà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kọjú sósì, èkejì kọjú sọ́tùn-ún, iná ń jó lẹ́yìn wọn, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Bọ̀dá mi, ó ti dé o!" Mo wo pósítà yẹn dáadáa, mi ò rí orúkọ dairẹ́kítọ̀, mi ò rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ìka ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ mẹ́fà. Mo sọ fún un pé kò sí fíìmù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí i díẹ̀. Ó ní ṣebí àwọn méjèèjì wà láyé, ṣebí wọ́n mọ ara wọn, ṣebí gbogbo ayé ló fẹ́ wò ó, kí ló wá dí wọn lọ́wọ́?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń béèrè ẹ̀, torí irú ìròyìn báyìí kì í tán: wọ́n á ní lágbájá àti làkáṣègbè fẹ́ jọ ṣe fíìmù, àwọn èèyàn á yọ̀, ọdún á yípo, wọn ò ní rí nǹkan kan. Láti kékeré ni mo ti ń wo fíìmù ìjà, mo fẹ́ràn ẹ̀ dénú, ó sì máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń retí ohun tí kò sí tí wọ́n wá ń fojú fo èyí tó ti wà nílẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bọ́rọ̀ yìí ṣe ń lọ gan-an, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀.

Kí là ń pè ní "jọ ṣe fíìmù"?

Ibí ni nǹkan ti kọ́kọ́ ń dàrú. Kí orúkọ èèyàn méjì wà lára pósítà kan, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n jọ dúró síwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Kí wọ́n wá kojú ara wọn kí wọ́n jà á dópin, ìyẹn gan-an ni ohun tá à ń wá, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù.

Ẹ wo Expendables 2 tó jáde ní 2012. Orúkọ Jet Li wà níbẹ̀, Jean-Claude Van Damme ló ṣe ọ̀tá inú fíìmù náà, ọ̀pọ̀ wa ló sì rò pé àwọn méjèèjì máa pàdé. Jet Li jà níbẹ̀rẹ̀, ó bẹ́ jáde nínú ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú páráṣúùtù, ó tán, a ò rí i mọ́ títí fíìmù fi parí. Òun àti Van Damme ò fojú kan ara wọn rárá. Irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù xXx ti 2017, Donnie Yen wà níbẹ̀, Tony Jaa náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ìkan ò na ìkejì. Jackie Chan àti Donnie Yen pàdé lóòótọ́ nínú Shanghai Knights ní 2003, wọ́n jà, ṣùgbọ́n ìjà náà ò tó nǹkan, bó ṣe ń dùn mọ́ni ló ń parí lọ, ẹlòmíì ló tún wá pa Donnie níbẹ̀.

Mi ò sọ pé àfi kí wọ́n lu ara wọn kó tó dùn o. Nínú Supercop ti 1992, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni Jackie Chan àti Michelle Yeoh wà, obìnrin yẹn gun alùpùpù, ó sì fi bẹ́ sórí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lọ, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Èmi ò mọ ìjà àárín àwọn méjèèjì tó lè dùn ju ìyẹn lọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé akọni méjì fẹ́ jọ ṣe fíìmù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé pósítà ni wọ́n jọ máa wà, àbí ojú kan náà, àbí wọ́n máa kojú ara wọn?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bá ń jà?

Ẹ rántí bí èèyàn méjì ṣe máa ń gún odó kan náà. Ọmọ odó ìkan ń gòkè, ti ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìkan bá yára jù tàbí tó fà sẹ́yìn díẹ̀, ọmọ odó á forí gbá ọmọ odó. Bí ìjà fíìmù ṣe rí nìyẹn. Wọn ò bá ara wọn díje, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan ni.

Ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ rí tó gbá ẹnì kan lẹ́nu yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló gbà kọjá. Ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ àti ojú, ìró tó ń dún "gbì!" yẹn sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀ lẹni tó ń jẹ ẹ̀ṣẹ́. Òun ló máa gbọn orí nígbà tó yẹ, òun ló máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, òun ló máa fẹ̀yìn gba tábìlì kó fi fọ́. Tí ò bá ṣe é dáadáa, ẹ̀ṣẹ́ tó le jù láyé máa dà bí ẹni ń lé eṣinṣin lójú wa. (Ẹ tún wo ìjà kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹni tó ń lu èèyàn ni kẹ́ ẹ má wò, ẹ máa wo ẹni tí wọ́n ń lù. Ó máa yà yín lẹ́nu.)

Ẹnì kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń to gbogbo ẹ̀, tó máa sọ fún ìkan pé kó ju ọwọ́ ọ̀tún, kó sọ fún ìkejì pé kó tẹ̀. Yuen Woo-ping wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n tò jù. Òun ló to ìjà inú The Matrix ní 1999, òun náà ló to ti Crouching Tiger, Hidden Dragon ní 2000, níbi tí Michelle Yeoh àti Zhang Ziyi ti ja ìjà ohun ìjà oríṣiríṣi nínú gbọ̀ngàn, tí Michelle ń pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan torí idà tọ́wọ́ Zhang Ziyi mú ń gé gbogbo wọn.

Ibi tó ti wá ń le ni pé ọgbọ́n ìjà àwọn akọni yìí ò rí bákan náà. Jackie Chan, ilé ìwé eré orí ìtàgé àwọn ará Ṣáínà ní Hong Kong ló ti jáde, ìtàkìtì ló mọ̀, àga, àkàbà, ohun tó bá ṣáà ti wà nítòsí ló fi ń jà. Jet Li jẹ́ ọmọ Beijing, wúṣù, ìyẹn ọgbọ́n ìjà àwọn ará Ṣáínà, ló kọ́, ó sì ti gba ipò kìíní ní gbogbo Ṣáínà kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ara ẹ̀ gún, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Tony Jaa láti Táílàǹdì ń fi orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ wọlé síni lára, Iko Uwais láti Indonéṣíà ń jà ní ìfarakínra bí ẹni pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Tẹ́ ẹ bá kó méjì nínú wọn pọ̀, ó dà bí onílù méjì tí kálukú ní ìlù tiẹ̀, ẹni tó ń to ìjà gbọ́dọ̀ wá ìlù kẹta táwọn méjèèjì lè jó sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn máa ń gbà, ojú kan náà ni wọ́n á sì máa tún yà títí.

Ta ló máa ṣubú?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí akọni fíìmù ìjà ń tà ni pé òun kì í ṣubú, tó bá tiẹ̀ ṣubú, á dìde. Owó tá a san nìyẹn, ohun tó sọ ọ́ dolówó nìyẹn. Ẹ wá mú èèyàn méjì tó ń ta ọjà kan náà, ẹ sọ fún wọn pé ìkan nínú wọn máa fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọba méjì ò gbọdọ̀ gbé ààfin kan, àwọn tó ń ṣojú fún wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kó rọrùn.

Kì í ṣe àhesọ o. Ní 2019, ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé e jáde pé nínú àwọn fíìmù Fast & Furious, Jason Statham ti bá ilé iṣẹ́ fíìmù ṣàdéhùn lórí bí wọ́n ṣe lè lù ú tó, àti pé àbúrò obìnrin Vin Diesel, akọni míì nínú fíìmù náà, àbúrò tó wà lára àwọn tó ń ṣe fíìmù náà, ló ń ṣọ́ iye ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń jẹ. Àgbàlagbà ọkùnrin, wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ́! Mi ò bú wọn, torí orúkọ wọn ni ọjà wọn, ẹni bá ní ọjà ló ń ṣọ́ ọ.

Ohun tó fà á nìyẹn tí mo fi máa ń bọ̀wọ̀ fún Chuck Norris tí mo bá rántí ohun tó ṣe ní 1972. Bruce Lee ló kọ fíìmù The Way of the Dragon, òun ló darí ẹ̀, ó sì fẹ́ ẹnì kan tó máa bá òun jà ní Colosseum ní Róòmù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló pè. Chuck Norris ò tíì jẹ́ gbajúmọ̀ àkítọ̀ nígbà yẹn, àmọ́ ògbóǹtarìgì ni nínú kàrátè, ó ti gba ife-ẹ̀yẹ, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó sì gbà pé kí wọ́n pa òun nínú fíìmù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìjà yẹn dáadáa. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń na ara, eegun wọn ń dún, ọmọ ológbò kékeré kan sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń wò wọ́n. Chuck ló kọ́kọ́ borí, ó la Bruce mọ́lẹ̀. Bruce wá dìde, ó yí ìjà ẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ìka ẹsẹ̀ bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, ọwọ́ Chuck ò tó o mọ́. Ó já irun àyà Chuck, ó fẹ́ ẹ dànù lọ́wọ́. Ó dá a lápá, ó dá a lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Chuck tún ń gbìyànjú láti dìde, Bruce mi orí sí i, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ó tó báyìí. Chuck ò gbà. Nígbà tí Bruce wá pa á tán, kò yọ̀, ńṣe ló mú ẹ̀wù àti bẹ́líìtì ọkùnrin yẹn, ó fi bò ó, ó kúnlẹ̀ tì í.

Ẹ sọ fún mi, ta ló pàdánù níbẹ̀? Ọkùnrin tó ṣubú yẹn padà di ọ̀kan nínú àwọn tó lórúkọ jù nínú fíìmù ìjà ní Amẹ́ríkà. Bíbọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣubú ló jẹ́ kí ìjà yẹn tóbi. Tí Bruce bá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, a ò ní máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ ṣubú ńkọ́? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá fún un ò ju mélòó kan lọ: kí ìjà náà má ní olúborí, kí ẹlòmíì já wọlé dá wọn dúró, tàbí kí wọ́n jà díẹ̀ kí wọ́n wá dọ̀rẹ́ kí wọ́n sì jọ dojú kọ ọ̀tá míì. Ohun tí wọ́n ṣe fún Jackie Chan àti Jet Li nìyẹn nínú The Forbidden Kingdom ní 2008. Yuen Woo-ping kan náà ló to ìjà wọn. Wọ́n kojú ara wọn nínú tẹ́ńpìlì kan, ó dùn, ó pẹ́ dáadáa, ẹnikẹ́ni ò borí, lẹ́yìn náà wọ́n jọ ń kọ́ ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ní ìjà. Ọmọ yẹn ni ìtàn náà dá lé. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dun èmi náà, torí ohun tá a ti ń retí láti bí ọdún mélòó, ìtàn ẹlòmíì ni wọ́n fi gbé e wá.

Orúkọ ta ló máa ṣíwájú?

Èyí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ti ba fíìmù jẹ́ rí. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà níwájú ni wọ́n máa kà sí ọ̀gá. Ohun tí wọ́n ṣe fún Steve McQueen àti Paul Newman ní 1974 nínú The Towering Inferno (kì í ṣe fíìmù ìjà, àmọ́ ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ń lò títí dòní) ni pé wọ́n kọ orúkọ ìkan sápá òsì, nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá kọ ti ìkejì sápá ọ̀tún, lókè díẹ̀. Ẹni tó bá kà láti òsì á ní McQueen ló ṣíwájú, ẹni tó bá wò láti òkè á ní Newman ni. Kálukú gba tiẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò ṣe é nígbà tára wọn ṣì le?

Ìbéèrè tó máa ń dùn mí jù rèé. Jackie Chan ni wọ́n bí ní 1954, Jet Li ní 1963. Nígbà tí wọ́n fi máa pàdé nínú fíìmù ní 2008, ìkan ti pé ọdún 54, ìkejì 45. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn méjèèjì ń ṣe fíìmù ní Hong Kong, tára wọn dà bí rọ́bà?

Bó ṣe yé mi ni pé ìgbà tí wọ́n lágbára jù gan-an nìgbà tí kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n pàdé. Jackie nìkan lè kún ilé sinimá, Jet Li nìkan lè kún un. Ta ló máa wá san owó àwọn méjèèjì lórí fíìmù kan, nígbà tó lè fi ṣe méjì? Ìgbà tí ọjà kálukú bá dẹ̀ díẹ̀ làwọn olówó máa ń rántí pé àwọn lè so wọ́n pọ̀. Nígbà yẹn, orúkọ ti pọ̀, ara ti ń rẹ̀.

Ara yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Jackie ṣubú látorí igi nígbà tí wọ́n ń ya Armour of God ní Yugoslavia, fíìmù tó jáde ní 1986, agbárí ẹ̀ fọ́, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á là. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí akọni kan ṣoṣo, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Tó bá wá jẹ́ akọni méjì ló ń ju ẹsẹ̀ síra wọn lójoojúmọ́, àwọn oníṣọ́ránsì máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ńlá, torí ìkan tó bá fara pa ti dá ìkejì dúró náà nìyẹn, owó sì ń lọ.

Àwọn kan wà tí gbogbo wàhálà yìí ò kàn, ó sì yẹ kí n dárúkọ wọn. Jackie Chan, Sammo Hung àti Yuen Biao, ilé ìwé kan náà ni wọ́n ti jáde, abẹ́ olùkọ́ kan náà, Yu Jim-yuen, tó nà wọ́n bí ìlù láti kékeré. Wọ́n jọ ṣe Project A ní 1983, Wheels on Meals ní 1984, Dragons Forever ní 1988. Sammo lẹ̀gbọ́n láàárín wọn, àwọn yòókù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò nílò lọ́yà tó máa ka ẹ̀ṣẹ́. Àwọn tó ti ń ṣubú lé ara wọn lórí láti ọmọdé, kí ló tún fẹ́ máa tì wọ́n lójú?

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìròyìn tó jóòótọ́?

Fíìmù dà bí ilé kíkọ́. "Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀" túmọ̀ sí pé wọ́n ń wá ilẹ̀. "Ó ti fọwọ́ sí i" túmọ̀ sí pé àwòrán ilé ti wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè sùn sínú àwòrán, ọ̀pọ̀ ló sì wà tí wọ́n fọwọ́ sí tí wọn ò kọ́ rárá. "Wọ́n ti ń yà á" ni pé bíríkì ti ń gòkè. Ìgbà yẹn ni kí ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀.

Ohun témi máa ń wá ni orúkọ ẹni tó máa to ìjà. Tí wọ́n bá dárúkọ akọni méjì tí wọn ò tíì dárúkọ ẹni yẹn, èmi ò tíì ka nǹkan kan sí. Lẹ́yìn náà mo máa ń wo ojú ìwé àwọn àkítọ̀ náà fúnra wọn, bóyá wọ́n ti gbé fọ́tò ibi iṣẹ́ síta. Pósítà o, ẹ má gbà á gbọ́ mọ́, ẹ̀rọ AI ń ṣe ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lóòjọ́, ìka ọwọ́ gan-an ti ń pé báyìí.

Èyí tí mo wá fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìjà inú kọ̀rọ̀ nínú SPL, fíìmù Hong Kong tó jáde ní 2005. Donnie Yen mú kóńdó ọlọ́pàá dání, Wu Jing wọ funfun, ọ̀bẹ kékeré ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Kóńdó ń pàdé ọ̀bẹ, "kán, kán, kán", wọ́n yára débi pé èèyàn á gbàgbé láti mí. Donnie fúnra ẹ̀ ló to ìjà yẹn, Wu Jing ló kú níbẹ̀. Nígbà yẹn, gbajúmọ̀ Wu Jing ò tíì tó bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn pè é ni, ó sì wá. Ní 2017, ó darí Wolf Warrior 2, ó tún ṣe olórí àkítọ̀ níbẹ̀, kò sì sí fíìmù Ṣáínà kankan tó tíì pa owó tó ìyẹn nígbà tó jáde. Tẹ́nì kan bá fẹ́ kó àwọn méjèèjì yẹn sínú kọ̀rọ̀ kan náà lónìí, gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ látòkè ló máa bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá kọ̀wé padà sí mi pé, "Bọ̀dá mi, ta ni ẹni tó wọ funfun yẹn?"